Ìyàndá Alágogo, Ẹni Tó Sọ Ikọ́ Lórúkọ

Ọjọ́ tí wọ́n wá ya fíìmù ní ṣọ́ọ̀bù Ìyàndá Alágogo ni ọ̀pọ̀ èèyàn ní Ẹdẹ fi ń rántí rẹ̀ títí di òní. Abdulmujeeb, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń gbé fíìmù sórí Yútúùbù, ló rí àwọn agogo àtijọ́ tó so rọ̀ lára ògiri níbẹ̀, tó ní ibẹ̀ máa dára fún pálọ̀ olówó. Ó bẹ Ìyàndá pé kó jókòó sí ìdí tábìlì rẹ̀, kó máa tú agogo lọ, kó ṣáà má sọ̀rọ̀. Ìyàndá gbà. Sìmbíátù ìyàwó rẹ̀, tó ń ránṣọ ní òdìkejì títì, pa ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ tì, ó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó mọ̀ pé kò sóhun tí ọkọ òun ò lè ṣe láyé yìí, àfi kó má sọ̀rọ̀.

Òṣèré tó ń ṣe olówó wọlé. Ó di àyà mú, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan péré.

"Ó ti kú," ni Ìyàndá wí láti ìdí agogo.

Abdulmujeeb ní kí wọ́n dúró. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá sí i."

Wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀. Olówó tún wúkọ́. Lọ́tẹ̀ yìí Ìyàndá ò dá sí i o. Ó kàn ṣí fìlà lórí ni, ó mi orí, ó sì rọra wí pé, "Ìnnà lílláhì."

Ẹ̀ẹ̀kẹta, wọ́n fo ibi ikọ́ kọjá. Ìyàwó olówó gbé àwo oúnjẹ jáde, fóònù dún lórí tábìlì. "Àwo yẹn á fọ́ o," ni Ìyàndá kígbe, tàánútàánú sì ni, nítorí àwo náà dára. Ẹ̀rín gbé obìnrin náà, àwo já bọ́ kí àsìkò rẹ̀ tó tó. Ẹni tó gbé kámẹ́rà rẹ́rìn-ín títí kámẹ́rà fi ń gbọ̀n.

Inú bí Abdulmujeeb. "Bàbá, ta ló ka ìwé eré wa fún yín?"

"Ẹ̀yin náà ni," ni Ìyàndá dá a lóhùn. "Lọ́dún tó kọjá, nínú fíìmù mẹ́tàdínlógún."

Fóònù ló sọ Ìyàndá dà bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí tèwe tàgbà ti ń wo aago nínú fóònù, ìwọ̀nba èèyàn ló kù tó ń gbé agogo wá fún àtúnṣe. Roqeebah, ọmọ wọn kan ṣoṣo, wá ra fóònù ńlá ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀ láti Ìlọrin, kó lè máa rí ojú àwọn ọmọọmọ rẹ̀. Ó rí wọn lọ́jọ́ méjì. Lọ́jọ́ kẹta ó rí Yútúùbù.

Bí ó ṣe máa ń tú agogo láti mọ irin tó ń ti irin, bẹ́ẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìtàn. Ó ra ìwé àwọn ọmọ iléèwé kan, ohun tó bá sì ti rí lẹ́ẹ̀mẹta, á sọ ọ́ lórúkọ, á kọ ọ́ sínú ìwé. Ikọ́ tí olówó ń wú kó tó kú, Ikọ́ Ìdágbére ló pè é. Àwo tí kì í ṣàì já bọ́ bí ìròyìn búburú bá dé, Àwo Agbọ́ròyìn. Ẹnì kan wà tó máa ń dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn nígbàkígbà tí wọ́n bá ń sọ àṣírí: Àyálégbé Ẹ̀yìn Ilẹ̀kùn, nítorí Ìyàndá ní ó jọ pé ibẹ̀ lẹni náà háyà. Fídíò tó ní "ẹ ò ní gbà gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ tẹ̀ lé e," tí ẹ wò ó títí tí nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀, ìyẹn ni Ajẹdátà. Èyí tó ń bí i nínú jù ni Èébì Ayọ̀, pé bí obìnrin bá ti bì nínú fíìmù, ó ti lóyún nìyẹn. "Sìmbí," á pe ìyàwó rẹ̀, "ṣé ẹ̀wà tó kan kì í ṣe èèyàn ní ìlú àwọn yìí ni?"

Kọ́láwọlé tó ń ta búrẹ́dì nítòsí wọn kò fetí sí i, ojú rẹ̀ sì rí màbo. Kọ́láwọlé ti ka ìtàn kan lórí Fesibúùkù, ti ọkùnrin kan tó fún alágbe lóúnjẹ, tó wá hàn pé alágbe náà ló ni iléeṣẹ́ ńlá kan. Ìyàndá fi hàn án nínú ìwé: Alágbe Oníléeṣẹ́, ìtàn mọ́kànlélógún, àwòrán alágbe kan náà ni wọ́n sì lò nínú méje níbẹ̀. Kọ́láwọlé ní ìlara ni. Bàbá àgbàlagbà kan wà ní oríta Sẹkọ́nà tí aṣọ rẹ̀ ti gbó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni Kọ́láwọlé fi ń gbé búrẹ́dì gbígbóná lọ fún un. Nígbà tó sú u, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú, iléeṣẹ́ wo gan-an lẹ ní?"

Ẹnu ya bàbá náà. "Ọmọ mi, mo rò pé ìwọ lo níléeṣẹ́. Mo ti ń retí kí o gbà mí síṣẹ́."

Ó wá ku ti Ọ̀gá Ọkọ̀ Ojú Omi. Ẹnì kan pe Sìmbíátù lórí Wáàsáàpù lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ní ọmọ Yorùbá lòun, òun ń wa ọkọ̀ ojú omi ní òkè òkun, òun sì ń wá obìnrin tó bẹ̀rù Ọlọ́run láti fi ṣaya. Sìmbíátù ti lé lọ́gọ́ta ọdún, ọkọ rẹ̀ sì jókòó tì í. Ẹ̀rín ń pa á, ó na fóònù sí Ìyàndá.

"Ìyàwó rẹ ti kú, àbí?" ni Ìyàndá bi í.

"Bẹ́ẹ̀ ni o, sà. Ó dùn mí gan-an."

"Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló fi sílẹ̀ fún ọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ọmọ náà ti nífẹ̀ẹ́ ìyàwó mi láìtíì rí i. O ti kó góòlù sínú àpótí fún un, àmọ́ àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù dá àpótí dúró ní pápákọ̀ òfurufú."

Ẹni náà wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì débẹ̀ yẹn. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la fi èyí sí."

Ìtàn yìí tàn dé Alájùẹ. Orí Ìyàndá wú. Bí ìwé náà ṣe kúrò lórí ọ̀rọ̀ fóònù nìyẹn, tó bọ́ sórí ọ̀rọ̀ èèyàn. Ẹnikẹ́ni ò lè sọ nǹkan délẹ̀ níwájú rẹ̀ mọ́. Obìnrin kan wá sọ pé ewúrẹ́ òun sọnù. Kó tó mí, Ìyàndá ti sọ fún un pé ará ilé ló jí i. Ewúrẹ́ náà wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù Sìmbíátù, ó ń jẹ àjákù aṣọ. Sìmbíátù rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀ mọ́.

Àpèkẹ́, àbúrò Sìmbíátù, ní ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Tóbilọ́ba. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni nígbà tó gba ọ̀nà aṣálẹ̀ lọ sí Líbíà. Ọdún mẹ́fà kọjá, kò sẹ́ni tó gbúròó rẹ̀. Àpèkẹ́ tilẹ̀ ti kó kúrò ní Ẹdẹ lọ sí Awo, kó lè bọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń wò ó tàánútàánú. Lọ́jọ́ kan ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ wọlé sórí Wáàsáàpù rẹ̀ láti nọ́ńbà tí kò mọ̀: "Màámi, èmi Tóbilọ́ba ni. Mò ń bọ̀ ní Ẹdẹ." Nígbà tó máa fi pè padà, nọ́ńbà náà ò lọ mọ́.

Kò dúró wẹsẹ̀ kó tó sáré wá sí Ẹdẹ. Ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó na fóònù sí Ìyàndá. Ìyàndá gbọ́ ohùn náà lẹ́ẹ̀mejì, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ṣí ìwé.

"Àpèkẹ́, ó mà ṣe o. Ojú ìwé kejìlélógún: Ọmọ Àjò Abójòwọlé. Ọmọ tó ti sọnù á ní òun ń bọ̀, ohùn rẹ̀ ò ní já gaara, nọ́ńbà ò ní lọ mọ́. Tó bá jẹ́ fíìmù, inú òjò ni yóò ti wọlé. Tó bá jẹ́ àwọn gbájú-ẹ̀, lọ́la ni wọ́n á ní kí o fowó ránṣẹ́."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ohùn ọmọ mi ni."

"Ohùn ò le fún wọn láti ṣe láyé tá a wà yìí."

Àpèkẹ́ gba fóònù rẹ̀, ó fi í sáyà. Sìmbíátù wo ọkọ rẹ̀ títí.

"Bàbá Roqeebah," ó ní, "ẹ ti wo ìyá tó ń sunkún nínú fóònù títí tẹ́ ò fi dá èyí tó ń sunkún nínú ilé yín mọ̀." Ó di aṣọ mélòó kan, ó tẹ̀ lé àbúrò rẹ̀ lọ sí Awo.

Ọjọ́ mẹ́wàá ni kò fi gbé ìpè ọkọ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n fowó ránṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni Sìmbíátù tó gbọ́ pé gaàrí ni ọkọ òun ń mu ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn, kò sì wo fíìmù kankan.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kọkànlá, òjò dé, òjò tí kì í ṣe kékeré. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó gbẹ bí igi kan wọ ṣọ́ọ̀bù agogo, omi ń ro tótó lára rẹ̀. Ìyàndá wo òjò, ó wo ọ̀dọ́mọkùnrin. Kò fẹ́ gbà.

"Ta ni ọ́?"

"Tóbilọ́ba ni, sà. Mo délé wa, àwọn tí mi ò mọ̀ ló ń gbébẹ̀."

"Ẹni tó bá wù ú ló lè pe ara rẹ̀ ní Tóbilọ́ba."

Ọmọ náà wo ara ògiri yíká. "Agogo màámi tí mo gbé wá kí n tó lọ ńkọ́? Ẹ ní kí n padà wá gbà á ní Jímọ̀."

Agogo náà wà nínú àpò lábẹ́ tábìlì. Òun fúnra rẹ̀ ló bà á jẹ́ níbi tó ti ń tún un ṣe, ọdún mẹ́fà ló sì fi ń purọ́ fún Àpèkẹ́ pé òun ń retí irin rẹ̀ láti Ìbàdàn. Kò sí gbájú-ẹ̀ tó lè mọ ti Jímọ̀ yẹn, nítorí òun àti ọmọ náà nìkan ló wà níbẹ̀, Ìyàndá ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni láyé pé agogo kan ṣẹ́gun òun. Ó dìde, ó dì mọ́ ọmọ náà tòun ti omi ara rẹ̀.

"Ọmọ mi," ó ní, "Jímọ̀ yẹn ò tíì pé."

Kò dúró kí òjò dá. Àwọn méjèèjì gun ọ̀kadà lọ sí Awo. Sìmbíátù wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tí wọ́n dé. Àpèkẹ́ ń gbé àwo ẹ̀wà jáde, ó gbójú sókè, àwo já bọ́, ó fọ́ yángá. Sìmbíátù yíjú sí ọkọ rẹ̀, ó ń retí ohun tó máa sọ. Ìyàndá lanu, ó pa á dé. Ó wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ẹrẹ̀ níwájú àbúrò ìyàwó rẹ̀.

"Ẹ dìde, ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ má jẹ́ kí n dẹ́ṣẹ̀!" ni Àpèkẹ́ ń ké, ọmọ rẹ̀ lọ́rùn rẹ̀.

"Àpèkẹ́, mo ṣẹ̀ ọ́."

Sìmbíátù fà á dìde, ó ń fi ìborùn rẹ̀ nu ẹrẹ̀ kúrò ní irùngbọ̀n rẹ̀. "Kí lẹ pe èyí nínú ìwé yín?"

"Kò sí nínú ìwé," ni Ìyàndá wí. Omi tó wà lójú rẹ̀ kì í ṣe ti òjò nìkan.

Kò jáwọ́ nínú ìwé rẹ̀ o. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá bẹ̀rẹ̀ ìtàn, á kọ́kọ́ bi í pé, "Fíìmù ni àbí ilé?" Tí wọ́n bá ní ilé ni, á pa ẹnu mọ́, ojú rẹ̀ á sì rí bí ojú ẹni tó gbé iṣu gbígbóná sẹ́nu tí kò lè tu ú.

Lọ́dún tó kọjá, àìsàn ọkàn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é. Dókítà ní kó sinmi. Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ kan, Sìmbíátù ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Ìyàndá ní, "Sìmbí, o mọ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Ẹni tó ń kú lọ á ní, 'Ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ ni pé...,' ọrùn á sì dà. Gbólóhùn Àìparí ni mo pè é. Irú rẹ̀ ò ní ṣe mí. Mo fẹ́ sọ tèmi nísìnyí tí èémí mi ṣì tó o."

"Ẹ ò ní kú."

"Mi ò ní mò ń kú. Mo ní mo fẹ́ sọ̀rọ̀." Ó sọ ibi tí ìwé ilẹ̀ wà. Ó sọ ẹni tó fẹ́ kó gba àwọn agogo. Ó wá wo ilẹ̀. "Èyí tó kù, mo purọ́ fún ọ nígbà tí mò ń fẹ́ ọ. Alùpùpù tí mò ń gùn wá yẹn, kì í ṣe tèmi. Ti ọ̀rẹ́ mi Adéyẹmí ni."

"Mo mọ̀," ni Sìmbíátù wí, kò dẹ́kun ẹ̀wà ṣíṣà. "Òun ló kọ́kọ́ gùn ún wá fẹ́ mi."

Ìyàndá la ẹnu sílẹ̀. "Ogójì ọdún! Èmi tí mo mọ òpin gbogbo ìtàn!" Ẹ̀rín bú sí i lẹ́nu, ó rẹ́rìn-ín títí tó fi ń mí hẹlẹhẹlẹ, tí Sìmbíátù fi ní kó rọra. Nígbà tó balẹ̀, ó ní, "Ìwọ nìkan ni mi ò mọ ohun tí o máa ṣe tẹ̀ lé e rí, Sìmbí. Ìdí nìyẹn tí ojú mi ò fi kúrò lára rẹ."

Sìmbíátù gbé ẹ̀wà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó fa àpótí ìjókòó rẹ̀ súnmọ́ ọn, àwọn méjèèjì sì jókòó bẹ́ẹ̀ títí oòrùn fi wọ̀.

Ọjọ́ kẹjọ lẹ́yìn náà, Ìyàndá kí ìrun Súbúù, ó ní òun fẹ́ fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀. Kò jí mọ́.

Títí di òní, bí àwọn èèyàn bá wá kí Sìmbíátù, ìtàn alùpùpù yẹn ni yóò sọ fún wọn. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, òun náà á bá wọn rẹ́rìn-ín, ìborùn rẹ̀ á yọ̀ ṣubú, omi á sì lé ròrò sójú rẹ̀. Wọ́n á ní, "Ìyá Roqeebah, ẹ̀rín lèyí àbí ẹkún?"

"Ẹ jẹ́ kí n ṣe é tán ná," ni yóò wí, yóò sì fi etí ìró nu ojú.