Iwájú Òsì Méjì

Bí ẹnikẹ́ni bá tún sọ níwájú mi pé àdúrà òun ló gba àbúrò mi lọ́wọ́ igbó mímu, rúlà ìránṣọ mi ni màá fi lé onítọ̀hún jáde. Nígbà tí ojú ń rí màbo, mi ò rí wọn.

Èmi ń rán, àbúrò mi ń gé. Ìyá wa ló kọ́ àwa méjèèjì níṣẹ́ náà kó tó kú, ṣùgbọ́n ọwọ́ àbúrò mi dára débi pé Ọ̀gá Gígé ni àwọn oníbàárà ń pè é. Fún ọdún mẹ́fà, kò sí àárọ̀ tí kì í mu igbó lẹ́yìn ilé kó tó wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ojú rẹ̀ á pọ́n bí ata, á ní eruku ló kó sí i. Tí mo bá bi í, á ní òun ti jáwọ́ tipẹ́. Irọ́ gbuu!

Tíṣà tó kọ́ wa ní A-B-D ló gbé aṣọ aláwọ̀ eérú kan wá. Ó fẹ́ fẹ̀yìn tì, ó sì fẹ́ kóòtù àti ṣòkòtò tí òun máa wọ̀ lọ́jọ́ ìdágbére. Mo rán ṣòkòtò parí. Aṣọ tó kù kò fẹ̀ tó kí á ṣẹ́ ẹ po, ó di dandan kí Ọ̀gá Gígé gé iwájú kóòtù lọ́kọ̀ọ̀kan. Tí a bá ń gé bẹ́ẹ̀, a gbọ́dọ̀ yí ojú pátánì, ìyẹn bébà tí a fi ń wọn aṣọ gé, padà kí á tó gé ìkejì, torí aṣọ náà ní ojú, ó ní ẹ̀yìn. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ fóṣù mẹ́ta mọ èyí. Ọ̀gá Gígé kò yí i. Iwájú òsì méjì ló gé, kò sí ọ̀tún. Mo wá irú aṣọ náà títí, mi ò rí i rà.

Tíṣà gbé méjèèjì lé ara wọn, ó wò ó sùn-ùn. Ó ní, "Kò burú. Màá wọ súwẹ́tà lé ṣòkòtò náà." Ó sì lọ. Ó tẹ́ mi lọ́rùn kó ṣépè fún wa.

Mo gbaná jẹ. Mo ní, "O ti ba orúkọ ìyá wa jẹ́! Olórí burúkú!" Ọ̀gá Gígé gbé àlùmọ́gàjí sílẹ̀.

"Àǹtí, ẹ má fún mi láṣọ gé mọ́, àfi tí mo bá lo ọgọ́rùn-ún ọjọ́ láìmu igbó. Ẹ jẹ́ n máa ṣẹ́ etí ṣòkòtò, kí n máa rán bọ́tìnì. Tí mi ò bá lè ṣe é, ẹ wá agéṣọ míì."

Àbúrò bàbá wa, Bàbá Kékeré, gbọ́, ó sáré dé. Ó mọ ilé kan tí wọ́n ti ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de àwọn amugbó. Ó ní, "Wọ́n á nà án dáadáa, ojú rẹ̀ á là."

Mo ní, "Bàbá Kékeré, ta ló na ẹ̀yin kúrò nídìí ọtí?" Kò jókòó mu omi tó fi bínú lọ.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ le. Kò rí oorun sùn, òógùn rẹ̀ ń rin aṣọ ibùsùn gbingbin, oúnjẹ korò lẹ́nu rẹ̀. Bí máṣíìnì mi bá dún, á pariwo mọ́ mi, èmi náà á sì dá a padà fún un. Òun fúnra rẹ̀ ló rí i pé àárọ̀ ló ń dẹ òun wò jù, ló bá ń ṣí ṣọ́ọ̀bù kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Ó ń gba ọ̀nà jíjìn kó má baà kọjá níwájú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ojoojúmọ́ ló ń fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà kan sára ògiri.

Èmi ni mo wá ń gé aṣọ, ọwọ́ mi ò sì yá. Yunifọ́ọ̀mù iléèwé kún ilẹ̀, àwọn ìyá ọmọ ń bú mi. Nígbà tí ìlà pé ọgọ́rùn-ún, mo tẹ́ aṣọ sórí tábìlì láàárọ̀, ayọ̀ ń pa mí.

"Ó ti pé. Ó yá, gé e."

Kò fọwọ́ kàn án. "Àǹtí, kò tíì pé. Mo mu ún lọ́jọ́ kọkàndínlọ́gọ́rin. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Mo kàn ń fa ìlà lọ kí ẹ má baà mọ̀ ni. Mọ́kànlélógún ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lò."

Mo gbá tábìlì débi pé abẹ́rẹ́ fọ́n ká ilẹ̀. "Ta ló bi ẹ́? Ta ni ì bá mọ̀? Kí ló dé tó o sọ fún mi?"

Ó ní, "Aṣọ olówó aṣọ lẹ fẹ́ gbé fún mi."

Ó rẹ àkísà sómi, ó nu ìlà ara ògiri kúrò, ó fi mọ́kànlélógún sílẹ̀, ó sì jókòó ti bọ́tìnì rẹ̀. Mo bú u títí di ọ̀sán. Gbogbo irọ́ ọdún mẹ́fà kò bí mi nínú tó òótọ́ ọjọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n mo gba ohun tó sọ gbọ́, láti ọdún mẹ́fà, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn.