Àbúrò Ọ̀gá àti Lẹ́tà Ẹlẹ́sẹ̀

Bí mo bá sọ ọ̀rọ̀ yìí tán tí inú kò bí yín, ẹ wá gba iṣẹ́ ìwé dídì lọ́wọ́ mi.

Ní ilé ìtẹ̀wé wa, àbúrò ọ̀gá ló ń gé ìwé. Láti àárọ̀ ló máa ń dúró ti ẹ̀rọ ìgéwé, eruku bébà á bo gbogbo irun rẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́tà yíyà ló gbà á lọ́kàn. Odidi ọdún kan ló fi ya irú lẹ́tà kan láti A dé Z: ara wọn sanra gàdàgbà, ibi tí wọ́n ti so pọ̀ tín-ín-rín bí òwú, gbogbo wọn sì ní ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ tí wọ́n fi dúró. Ẹ fi kọ àkọlé sára ògiri, ará òdìkejì títì á kà á. Lẹ́tà náà dára, n kò ní purọ́.

Obìnrin kan tó fẹ́ dá ìwé ìròyìn olóṣooṣù sílẹ̀ ní ká tẹ àpẹẹrẹ wá kí òun wò ó. Ọ̀gá pe àbúrò rẹ̀.

"Tí lẹ́tà ẹ bá wu obìnrin yẹn, o kúrò nídìí ẹ̀rọ nìyẹn. Tábìlì ìyàwòrán di tìẹ."

"Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n mi. Ṣùgbọ́n àkọlé nìkan ni kẹ́ ẹ fi kọ o. Tẹ́ ẹ bá sọ ọ́ di kékeré, inú ẹ̀ á dí."

"Mo ti gbọ́."

Irọ́ ni. Etí ikún ló kọ sí i. Ìgbà tí obìnrin náà ti jókòó sí ọ́fíìsì ni ìwé tó dé ìdí ẹ̀rọ ìgéwé. Láti èèpo títí dé ojú ewé ìkẹyìn, títí kan àdírẹ́sì, lẹ́tà ẹlẹ́sẹ̀ ni!

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ ṣe fún mi báyìí? Gbogbo ojú ewé ló ń pariwo!"

"Ṣé kí n máa fi ọ́ pa mọ́ ni? Mo fẹ́ kó rí ẹ dáadáa ni! Jọ̀ọ́, gé e, oníbàárà ń dúró."

Ó gé e, omijé ń dà lójú rẹ̀. Kí ni ì bá ṣe?

Obìnrin náà ṣí i. Ó sún un mọ́ ojú, ó tún nà án jìnnà. Inú àwọn lẹ́tà kéékèèké ti dí, ẹsẹ̀ wọn ń gun ara wọn, ojú ìwé dúdú kirikiri.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá lẹ́tà míì. Eléyìí ń dun ojú mi."

Kò tilẹ̀ padà wo àkọlé tó wà lára èèpo, èyí tó dára jù. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Ó dùn mí bí ẹni pé èmi ni mo ya lẹ́tà náà.

Obìnrin náà wá fọwọ́ pa etí ìwé, ó rẹ́rìn-ín.

"Ta ló gé e báyìí? Ó mà dọ́gba o! Ẹni yìí gan-an ni mo fẹ́ kó máa gé ìwé ìròyìn mi."

Ọ̀gá fò dìde, inú rẹ̀ dùn dọ́ba.

"Àbúrò mi ni! Ẹ fọkàn balẹ̀, mà, kò síbi tó ń lọ."