Orúkọ Tí Gbádégẹṣin Pa

Ohun tí wọ́n ń sọ káàkiri láti Temple Hills dé Bowie, ní Maryland lókè òkun níbí, ni pé orí Bàbá Ìdùnnú ti dàrú. Wọ́n ní ọkùnrin ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú omi òjò níwájú ṣọ́ọ̀bù wa ní Adelphi, fún Kọ́ládé tó kéré sí i lọ́jọ́ orí. Àwọn kan ní Kọ́ládé fi oògùn mú un ni. Àwọn mìíràn ní obìnrin wà nídìí ẹ̀. Èmi tí mò ń dá oníbàárà lóhùn nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn, ìṣojú mi ló ṣe. Kò sí oògùn, kò sí obìnrin. Ìtìjú ni.

Gbádégẹṣin lorúkọ Bàbá Ìdùnnú. Àdúgbò kan náà ni wọ́n ti bí òun àti Kọ́ládé ní Ọ̀yọ́. Ó fi ọdún mẹ́rin ju Kọ́ládé lọ, bí Kọ́ládé bá sì fẹ́ bú u pàápàá, á kọ́kọ́ pe "Bọ̀dá Gbádé" ná. Lọ́dún 1993, Gbádé ń kàwé ní yunifásítì College Park níbí, Kọ́ládé wà ní Texas. Ayé ìgbà yẹn, kò sí Wáàsáàpù. Lẹ́tà tó bá ń lọ sílé lè lo oṣù kan lọ́nà. Àmọ́ àwọn ọmọ Nàìjíríà tó wà ní yunifásítì káàkiri ayé ti rí ibì kan lórí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti ń bára wọn sọ̀rọ̀. Kò sí fọ́tò, kò sí ohùn, ìwé kíkọ lásán ni. Ẹnì kan á kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lónìí, ẹni tó wà ní London á fèsì lọ́la, gbogbo wọn á sì kà á.

Bí Gbádé ṣe ṣàlàyé ẹ̀ fún mi, wọ́n ní èdè tiwọn níbẹ̀. Ẹni tó bá ń kà láì dá sí i, wọ́n á ní ó lúgọ. Ẹni tó bá bú ẹlòmíràn dáadáa, wọ́n á ní ó dáná sun ún. Bí ọ̀rọ̀ ẹnì kan bá sì ti sú ọ pátápátá, o lè kọ orúkọ ẹ̀ sínú fáìlì kan, kí kọ̀ǹpútà máa gbé gbogbo ohun tó bá kọ sọnù kó tó dé ojú rẹ. Pípa ni wọ́n ń pe ìyẹn. "Mo ti pa lágbájá," wọ́n á sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n á sì rẹ́rìn-ín.

Gbádé fẹ́ràn ibẹ̀ bí ẹni máa kú. Láràárọ̀, kó tó wọ kíláàsì, ó ti wà nídìí kọ̀ǹpútà ilé ìwé. Ibẹ̀ ló ti ń jẹ́ ọ̀gá. Lọ́jọ́ kan ó kọ ìtàn gígùn kan nípa bí òun ṣe gbá bọ́ọ̀lù tí ilé ìwé àwọn fi gba ife ní Ọ̀yọ́. Àwọn èèyàn ń yìn ín. Ni Kọ́ládé bá fèsì láti Texas:

"Bọ̀dá Gbádé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú o. Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ gbé garawa omi fún wọn lọ́jọ́ náà ni?"

Háà! Láti Canada dé London, ẹ̀rín sọ. Wọ́n fún un lórúkọ tuntun: Ọ̀gbẹ́ni Garawa. Bó bá ti kọ nǹkan kan báyìí, ẹnì kan á ní, "Garawa, òùngbẹ ń gbẹ wá o." Gbádé dáná sun Kọ́ládé títí, ẹ̀rín ò tán. Lọ́jọ́ kẹta ó kọ orúkọ Kọ́ládé sínú fáìlì. Ó pa á. Kò sọ fẹ́nì kan.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìyá Gbádé kú ní Ọ̀yọ́. Inú lẹ́tà ló ti gbọ́. Kò pẹ́ sígbà náà ni Kọ́ládé kó wá sí Maryland, ó sì wá kí i nínú yàrá ẹ̀ ní Adelphi níbí.

"Bọ̀dá, ẹ kú ará fẹ́ra kù. Mo rò pé ẹ máa pè wọ́n ni."

"Pe ta ni?"

"Màmá. Mo lọ sílé nígbà ọdún Àjíǹde, wọ́n sì rán mi sí yín. Mi ò ní nọ́ńbà yín tuntun, ni mo bá kọ ọ́ síbi tí gbogbo wa ti ń sọ̀rọ̀. Orúkọ yín ló wà lókè ẹ̀ gàdàgbà."

"Irọ́ lò ń pa! Àràárọ̀ ni mò ń ka ibẹ̀. Kí ló fò mí rí?"

Ó tì í jáde. Kọ́ládé ò ní ẹ̀rí. Ohun tí wọ́n bá kọ nígbà yẹn, bí ọ̀sẹ̀ méjì bá ti kọjá, á ti pòórá lórí kọ̀ǹpútà ilé ìwé. Láti ọjọ́ náà, ibi tí Gbádé bá jókòó sí, ohun tó ń sọ ni pé Kọ́ládé bá ìyá òun lórí àìsàn, ó sì fi iṣẹ́ tí ìyá rán an pamọ́ nítorí ìjà bọ́ọ̀lù. Ta ni kò ní gba ọkùnrin tó ń sunkún ìyá ẹ̀ gbọ́? Ẹgbẹ́ ìlú wọn níbí ò jẹ́ kí Kọ́ládé wọlé. Ọjọ́ tó sọ àkọ́bí ẹ̀ lórúkọ ní Temple Hills, èèyàn mẹ́rin ló jókòó láàárín ọgọ́ta àga. Èmi náà ò lọ.

Ọgbọ̀n ọdún kọjá. Gbádé ra ilé sí Bowie, ó ń wọ rélùwéè lọ síbi iṣẹ́, ìyàwó ẹ̀ ń ṣe nọ́ọ̀sì. Ìdùnnú ọmọ wọn wọ yunifásítì, wọ́n sì ní kó ṣe iṣẹ́ kan lórí bí àwọn èèyàn ṣe ń sọ̀rọ̀ lórí kọ̀ǹpútà láyé àtijọ́. Àṣé ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn ò pòórá. Ẹnì kan ti kó gbogbo ẹ̀ pamọ́. Ọmọ yìí tẹ orúkọ bàbá ẹ̀, ó rí Ọ̀gbẹ́ni Garawa, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú ẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé kọ̀ǹpútà wá síbi tí bàbá ẹ̀ ti ń jẹun.

"Dádì, ta ni Kọ́ládé? Ó write sí yín, ẹ ò answer ẹ̀."

Ó wà níbẹ̀ tọjọ́ toṣù. "Sí Bọ̀dá Gbádé. Màmá ní ara àwọn ò yá. Wọ́n ní kí ẹ pe ilé Mùtàlíbù oníkẹ́míìsì lọ́jọ́ Sátidé, àwọn á jókòó ti fóònù. Bí ẹ ò bá rí àyè pè lọ́jọ́ náà, wọ́n ní àwọn á tún lọ jókòó ní Sátidé kejì."

Ìdùnnú ń bi í, "Dádì, ṣé ẹ pè wọ́n?" Ó ní kó gbé kọ̀ǹpútà náà kúrò níwájú òun.

Sátidé tó tẹ̀ lé e ló bá Kọ́ládé níwájú ṣọ́ọ̀bù wa. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, Kọ́ládé ń kó iṣu sẹ́yìn ọkọ̀. Mo rí Bàbá Ìdùnnú látẹnu ọ̀nà. Ó dúró, ó ṣe bí ẹni fẹ́ padà, lẹ́yìn náà ó lọ sílẹ̀ pátá, tòun ti ṣẹ́ẹ̀tì funfun.

"Bọ̀dá Gbádé! Kí lẹ ń ṣe yìí? Ẹ dìde, ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n pe ọlọ́pàá ni?"

"O kọ ọ́, Kọ́ládé. Mo ti rí i. O kọ ọ́."

Kọ́ládé gbé iṣu ọwọ́ ẹ̀ sílẹ̀.

"Ọgbọ̀n ọdún, Bọ̀dá."

"Mo ti pa orúkọ ẹ nígbà ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù yẹn. Mi ò rántí. Ìdùnnú ló ṣẹ̀ṣẹ̀ fi hàn mí."

Kọ́ládé bẹ̀rẹ̀, ó dì í mú lápá méjèèjì. "Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ ò kúkú mọ̀. Ẹ̀rọ ló ṣe é." Ó ń fọwọ́ gbọn ẹrẹ̀ kúrò láyà ẹ̀. Ó ní, "Ṣé kí èmi náà lọ pọn omi wá ni?" Ni àwọn méjèèjì bá bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń sunkún.

Ibi táwọn tó wà nínú ọkọ̀ wọn wò ó dé nìyẹn. Ibẹ̀ lèmi náà rò pé ó parí sí, mo sì ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá bi mí pé ẹ̀rọ ló ṣe é. Àfi lọ́sẹ̀ tó kọjá tí Bàbá Ìdùnnú wọlé wá bá mi. Kò ra nǹkan kan. Ó dúró títí oníbàárà tó gbẹ̀yìn fi jáde, kò wò mí lójú.

"Ìyá Túndùn, wọ́n ní ẹ̀ ń bá mi ṣàlàyé fáwọn èèyàn."

"Mò ń ṣe é, Bàbá Ìdùnnú. Mo ní ẹ ò mọ̀."

Ó gbé àpò gààrí kan, ó tún dá a padà sáyè ẹ̀.

"Mo mọ̀. Àárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo ti Kọ́ládé jáde, mo lọ ṣí fáìlì yẹn. Orúkọ ẹ̀ nìkan ló wà nínú ẹ̀. Mo pa á rẹ́, mo sì jáde lọ máa sọ fún wọn pé kò kọ nǹkan kan. Bí ẹ bá ń bá mi ṣàlàyé, ẹ fi ìyẹn náà kún un. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti lọ sílé Kọ́ládé láti sọ ọ́, ó ń gbé àga fún mi, ó ń pè mí ní Bọ̀dá, ẹnu mi ò là."