Adágún Tí Wọ́n Ní Kó Mọ́ Kedere

Ìyá Adágún là ń pe aládùúgbò mi, nítorí adágún ẹja tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ lẹ́yìn ilé kó tó kú ni gbogbo ayé rẹ̀. Bó bá ti jí, ibẹ̀ ló ń lọ kó tó fọ ẹnu. Mo máa ń dá àpárá pé ẹja ló tún fẹ́ fi ṣe ọkọ. "Ẹja kì í hanrun," ni yóò fi dá mi lóhùn.

Lójú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, ìdọ̀tí lásán ni adágún náà: ewé bò ó, ọ̀pọ̀lọ́ ń ké, ìgbín omi lẹ̀ mọ́ òkúta. Ṣùgbọ́n obìnrin yìí ti ṣàlàyé fún mi títí ó fi sú mi. Bí oòrùn bá ti ràn sí ewé inú omi, ewé a máa tú afẹ́fẹ́ jáde sínú omi fún ẹja láti mí. Kòkòrò ń jẹ èyí tó ti jẹrà, ẹja ń jẹ kòkòrò, ìgbẹ́ ẹja ló sì tún ń bọ́ ewé. Ìdí nìyí tí ọkọ rẹ̀ fi máa ń fọwọ́ fa ewé díẹ̀díẹ̀, igun kan lónìí, igun kejì lóṣù tó ń bọ̀. Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Àfi bí ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, ọkùnrin tí bàtà rẹ̀ kì í kan ẹrẹ̀, ṣe wá dúró létí omi, tó di imú.

"Ìyàwó, kí ni gbogbo pàǹtí yìí? Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fún ẹ. Tí mo bá padà dé tí omi yìí ò mọ́ kedere, màá dí i, màá kọ́lé sí i."

Ilẹ̀ ẹbí ni. Ohun tó bá ti sọ labẹ gé.

Ọkàn obìnrin náà ò balẹ̀ mọ́. Ó kọ́kọ́ ń fọwọ́ fa ewé, àmọ́ bó ṣe ń fa tibí ni tọ̀hún ń hù. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kan kọjá, ó lọ ra oògùn apakoríko, ó dà á yí gbogbo adágún ká.

Mo ní, "Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ sọ pé wọn kì í pa gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan?"

"Mo mọ̀. Ṣé kí n wá káwọ́ gbera, kí wọ́n dí i níṣojú mi ni?"

Ewé kú, ó rì. Omi mọ́ lóòótọ́, a rí ìsàlẹ̀, inú Ìyá Adágún sì dùn. Ṣùgbọ́n ewé tó rì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà, ìjẹrà yẹn sì ń fa afẹ́fẹ́ inú omi tán, kò sí ewé tútù tí yóò dá a padà. Àárọ̀ ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n fẹ́ wá, gbogbo ẹja ti yọ ẹnu sókè, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. A gbé korobá, à ń da omi kànga sí i. Pàbó ló já sí. Kí oòrùn tó gbóná, wọ́n ti kú tán, ikùn wọn funfun lójú omi. Ó dùn mí wọ egungun.

Ẹ̀gbọ́n dé bá wa níbẹ̀.

"Bọ̀dá, ó ti mọ́," ni obìnrin náà wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dí i. Màá tún ẹja míì sìn."

Kó tó fèsì, ọkọ̀ ńlá tó kó yanrìn kún yà wọlé. Dírẹ́bà yọrí síta.

"Alàgbà, ṣé ibi tẹ́ ẹ fi hàn wá lóṣù méjì sẹ́yìn pé ká wá dí nìyí?"

Ẹ̀gbọ́n ń wo bàtà rẹ̀. Korobá bọ́ lọ́wọ́ Ìyá Adágún, ó jókòó sínú ẹrẹ̀, ó bú sẹ́kún.