Ògiri Kan Láàárín Wa

Ìyá Ìbejì ló ń ka ojú ọjọ́ òkun lórí rédíò wa. Ògiri kan péré ló wà láàárín yàrá tiwa àti tiwọn, apẹja sì ni ọkọ tèmi àti ọkọ tirẹ̀. Tí iyọ̀ bá tán nílé rẹ̀, á gbá ògiri, màá bu fún un.

Iṣẹ́ rẹ̀ ò le. Á wo àwòrán ìkùukùu tó ń kóra jọ lójú òkun, á wá ṣírò rẹ̀, nínú ọgọ́rùn-ún, bó ṣe lè di ìjì tó. Àmọ́ òfin ọ̀gá wọn ni pé tí kò bá ti tó ogún, "kò sí ìjì" ni kó kà, kó má dẹ́rù ba aráàlú.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mẹ́wàá ló rí. Ó ka "kò sí ìjì", ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n rárá. Ọkọ mi gbọ́ ọ, ó gbé àwọ̀n rẹ̀, ó lọ. Ọkọ̀ mẹ́sàn-án ló wọ omi lọ́jọ́ yẹn. Ìjì gbé gbogbo wọn.

Ọkọ tirẹ̀ nìkan ló jókòó sílé, ó ní ẹ̀yìn ń dun òun. Ẹ̀yìn wo? Ọ̀kan nínú àwọn ìbejì ló tú àṣírí: "Màmá ló ní kí Dádì má lọ."

Ìyá Ìbejì wá bá mi kẹ́dùn. Ó kúnlẹ̀, ó ń sunkún, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, òfin ọ́fíìsì ni."

Mo ní, "Mo gbọ́. Rédíò ni wọ́n ṣòfin fún. Kí ló dé tí o ò gbá ògiri?"