Orúkọ Tí Mo Kọ Kí Agogo Tó Dún

Títí di òní, bí òórùn epo pupa tó ń hó lórí iná bá kàn mí nímú láàárọ̀, eré ìje ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Má fi mí rẹ́rìn-ín, ọ̀rẹ́ mi. Ẹ̀yìn ọgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì wa ní Adja-Ouèrè làwọn obìnrin kan ti ń se ẹyìn nígbà yẹn, èéfín wọn a sì máa fẹ́ wá sórí pápá tí a ti ń sáré. Pápá náà kò ju ilẹ̀ pupa gbalasa lọ, pẹ̀lú òpó góòlù méjì tí ikán ti jẹ lẹ́sẹ̀. Ìgbà méjìlá la máa ń yí i po bí olùkọ́ eré ìdárayá bá fẹ́ mọ ẹni tó lẹ́mìí nínú wa. Mo máa ń fa èéfín epo yẹn símú bí mo ṣe ń sá lọ níwájú, torí pé iwájú ni mo máa ń wà.

Bẹ́ẹ̀ ni, èmi tí o rí yìí. Nínú àwa ọmọbìnrin, kò sí ẹni tó yà mí sílẹ̀ rí. Ilé wa kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà ilé ìwé rárá. N óò jí, n óò mu ẹ̀kọ pẹ̀lú àkàrà, n óò wọ bàtà kánfáàsì tí bàbá mi rà fún mi ní Pobè, n óò sì dé kí ẹnikẹ́ni tó dé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi mí ṣe olórí kíláàsì. Iṣẹ́ mi ni kí n dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìwé àti bíìkì, kí n máa kọ orúkọ àwọn tó bá dé lẹ́yìn agogo. “Ṣẹ́ẹ̀fù” ni gbogbo wọn ń pè mí, orúkọ náà sì dùn mọ́ mi débi pé mo máa ń rìn bí ẹni tó ni ilé ìwé.

Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì wa tó ń ti Oko-Akarè wá. Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà rẹ̀ ló ń gbé, ìyá kan tó ń ṣe epo, tí orúnkún ń dà láàmú. Ọmọ náà tínrín, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, òórùn epo kì í sì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, kódà lọ́jọ́ ìdánwò. Bí a bá sáré, ipò kẹfà tàbí ìkeje ló máa ń ṣe. Kò ṣíwájú, kò sì kẹ́yìn. Irú ẹni tí olùkọ́ kì í bá wí ni, tí kì í sì í yìn. Ohun kan wà tí olùkọ́ wa gbà gbọ́ tí kò sẹ́ni tó lè yí i lọ́kàn padà lórí rẹ̀: ó ní ẹni tó bá pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tí eré rẹ̀ kò tíì yọ, kò lè yọ mọ́. Ó sọ ọ́ lójú ọmọ náà lọ́jọ́ kan pé, “Ìwọ, ẹsẹ̀ rẹ wà fún ọ̀nà oko. Ó tó bẹ́ẹ̀.” Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà ní, “Ẹ ṣé, Mùsíè,” ó sì lọ mu omi.

Ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo ni nǹkan yí padà. Wọ́n gbé ìyá àgbà rẹ̀ wá sílé ìwòsàn ní Adja-Ouèrè, òun náà sì ń sùn sílé ẹbí wọn kan nítòsí ọjà, kó lè máa gbé oúnjẹ lọ fún un. A sáré ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn. Nígbà tó di ìyípo kẹwàá, mo gbọ́ èémí lẹ́yìn mi. Mo rò pé ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin ni. Mo bojú wẹ̀yìn, òun ni! Ẹnu rẹ̀ pa dé, ojú rẹ̀ balẹ̀, bí ẹni tó ń lọ pọn omi. Mo fi gbogbo agbára tó kù nínú mi sá, díẹ̀ báyìí ni mo fi ṣíwájú rẹ̀, mo sì lọ bì sẹ́yìn igi máńgòrò. Gbogbo èèyàn ní oríire lásán ni. Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀, mo tiẹ̀ sọ ọ́ ju gbogbo wọn lọ. Nígbà tí ìyá àgbà padà sí Oko-Akarè, ọmọ náà padà sípò keje rẹ̀, ọkàn mi sì balẹ̀.

Kò pẹ́ sí i ni wọ́n fẹ́ yan ẹni mẹ́ta tí yóò lọ díje ní Pobè. Ìlànà ilé ìwé wa ni pé ẹni tó bá pẹ́ yóò kúnlẹ̀ sórí òkúta wẹ́wẹ́ títí di àkókò ìsinmi, lẹ́yìn ìsinmi gan-an ni eré sì máa bẹ̀rẹ̀. Irin táyà ọkọ̀ àtijọ́ kan tí wọ́n so rọ̀ sára igi ni agogo wa. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà. Mo rí ọmọ Oko-Akarè tó ń sáré bọ̀, bàtà rẹ̀ wà lọ́wọ́, ẹrẹ̀ dé e ní orúnkún. Kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá mọ́ kó wọlé. Mo kọ orúkọ rẹ̀. Ẹ̀yìn ìgbà tí mo kọ ọ́ tán, tí ó sì ti wọlé, ni agogo tó dún.

Ó kúnlẹ̀. Nígbà tí eré bẹ̀rẹ̀, òkúta ṣì lẹ̀ mọ́ ọn lórúnkún. Ó ṣe ìkeje. Èmi ṣe ìkíní, wọ́n gbé mi lọ sí Pobè, ibẹ̀ ni mo ti ṣe ẹnì kejì láti ẹ̀yìn. Mo bọ́ bàtà, n kò sì sá eré kankan mọ́.

Ọdún gorí ọdún. Mo di olùkọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan náà. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, kò tíì pẹ́ púpọ̀, mo jókòó níwájú onídìrí, ẹ̀rọ tẹlé tí wọ́n gbé kọ́ ògiri ń sọ̀rọ̀ lókè orí wa, wọ́n ń fi eré ìje ńlá kan hàn láti ìlú òyìnbó. N kò kọbi ara sí i, àfi ìgbà tí ọkùnrin tó ń ròyìn pe orúkọ kan. Orúkọ tí mo ti fi ọwọ́ ara mi kọ títí tó fi sú mi. Mo gbé ojú sókè. Òun ló wà níbẹ̀, aṣọ aláwọ̀ orílẹ̀-èdè wa lọ́rùn rẹ̀, ó ń sá nípò kẹta láàárín àwọn ọmọ gbogbo ayé. Ẹnu rẹ̀ pa dé, ojú rẹ̀ balẹ̀. Mo fò sókè tòun ti òòyà lórí.

Onídìrí figbe ta: “Tàǹtí, kí ló dé? Ta ló kú?”

Mo ní, “Kò sẹ́ni tó kú. Ìkeje ni! Ìkeje ni!”

Kò yé e. Kò yé èmi náà. Mo jókòó, mo tún dìde, mo sì bọ́ síta. Irun ìlàjì ni mo gbé lọ sílé lọ́jọ́ náà.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, ọmọ Oko-Akarè wá kí ilé ìwé. Wọ́n kó àwọn ọmọ jọ sórí pápá, wọ́n sì pe olùkọ́ wa àtijọ́, tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń fi ọ̀pá rìn. Bàbá náà kò tiẹ̀ jẹ́ kí wọ́n kí ara wọn tán. Ó ní, “Ọmọ mi, ṣàlàyé fún mi. Báwo ni ẹni ìkeje ṣe dé ibi tí o dé?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Mùsíè, mo rò pé ẹ mọ̀ pé mo ti sáré kí n tó wá bá yín sáré ni. Láti ìdájí la ti ń gún ẹyìn, èmi àti ìyá àgbà. Ọ̀nà wákàtí méjì ni láti Oko-Akarè bí èèyàn bá ń rìn, n kò sì ní wákàtí méjì. Nígbà tí mo wá lọ gbé ìlú Àjàṣẹ́ lẹ́yìn ilé ìwé, tí mo jí tí kò sí ẹyìn láti gún, tí kò sí ọ̀nà láti sá, tí mo bá àwọn ẹlẹgbẹ́ mi sáré pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ti sinmi, ẹ̀rù ara mi bà mí.”

Bàbá ṣí fìlà. Ọdún mẹ́ta ló fi kọ́ wa, kò sì fi ọjọ́ kan béèrè ibi tí ẹnikẹ́ni nínú wa ti ń bọ̀.

“Ṣẹ́ẹ̀fù ńkọ́?” ni mo gbọ́. Mo ti sá sẹ́yìn àwọn olùkọ́ yòókù, ṣùgbọ́n ó rí mi. “Ẹ pàtẹ́wọ́ fún un. Kí ó má bàa kọ orúkọ mi ni mo ṣe ń sáré láràárọ̀. Òun ló kọ́kọ́ kọ́ mi ní eré.” Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́ gan-an. Ìbá sàn fún mi kó bú mi níwájú wọn.

Mo sìn ín dé ìdí ọkọ̀. N kò lè mú un mọ́ra. Mo ní, “Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ yàn wá yẹn...”

“Mo mọ̀,” ó ní. “Mo rí bíìkì rẹ tó ń rìn kí agogo tó dún.”

Mo di ilẹ̀kùn ọkọ̀ náà mú. “Kí ló dé tí o kò sọ?”

“Ta ni ìbá gbà mí gbọ́?” Kò bínú, kò sì rẹ́rìn-ín. “Ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn gan-an ni mo mọ̀ pé mo yára, Ṣẹ́ẹ̀fù. Ta ló máa ń bẹ̀rù ẹni ìkeje?” Ó gbá mi mọ́ra, ó wọ ọkọ̀, ó lọ.

Mo dúró síbẹ̀ títí ilé ìwé fi tú. Gbogbo ọdún wọ̀nyí, mo rò pé mo ti fi nǹkan kan pa mọ́ fún un, àṣé èmi gan-an ni mo sọ fún un pé ó yára. Olùkọ́ wa tó gbọ́n kò rí ohun tó wà lẹ́sẹ̀ ọmọ náà. Èmi tí mò ń ṣe ìlara ni mo rí i. N kò sọ pé gbogbo ẹni tó bá ń ṣe ìkeje ló máa dé ibi tó dé. Púpọ̀ nínú wọn, ìkeje náà ni wọ́n máa jẹ́ títí. Ṣùgbọ́n n kò lè fi ojú wo ọmọ lásán mọ́ kí n ní mo mọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ.

Èmi ni mo ṣì ń kọ orúkọ sẹ́nu ọ̀nà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan ni mo ń kọ ibi tí ọmọ ti ń bọ̀, Tatonnonkon ni o, Ikpinlè ni o, àti iṣẹ́ tó ti ṣe kó tó dé. Bí ọjọ́ eré bá pé, ìwé náà ni mo máa ń gbé lọ sórí pápá. N kì í sì í yọ bíìkì lápò mọ́ kí agogo tó dún.