Áítì Tó Wọ Táì

Ní Ore, ẹ kò lè dárúkọ olóògbé Àyànlọ́wọ̀ onísólà kí wọ́n má rán yín létí olùkọ́ yunifásítì tó lé gun òrùlé.

Àgọ́-Aláyè ni iṣẹ́ wà lọ́jọ́ náà. Oyèlọlá ti lọ ra wáyà. Ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Àyànlọ́wọ̀ ni ọmọbìnrin yìí ti ń ṣe áítì, ìyẹn oṣù mẹ́fà tí yunifásítì ní kí wọ́n fi kọ́ṣẹ́ níta. Ọkùnrin kan sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, táì lọ́rùn.

"Ẹ káàsán, sà. Ọ̀rọ̀ áítì ló gbé mi wá."

"O ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀?" Ọ̀gá ti kà á sí áítì tuntun. " Òòrùn ò ní dúró dè ọ́! Gbé ibẹ̀ yẹn!"

Kó tó ṣàlàyé ara rẹ̀, páńẹ́ẹ̀lì ti wà lórí rẹ̀, òun náà ti wà lórí àkàbà. Orí òrùlé ni Oyèlọlá bá a. Ọmọ náà kúnlẹ̀ gbì.

"Ọ̀gá! Olùkọ́ tó fẹ́ fún mi ní máàkì nìyẹn o!"

Àyànlọ́wọ̀ gbójú sókè. "Olùkọ́? Ta ló kọ́ òun náà? Ó ń yí nọ́ọ̀tì páńẹ́ẹ̀lì sódì!"

Máàkì yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Bí olùkọ́ àti Ọ̀gá kò bá fọwọ́ sí ìwé áítì Oyèlọlá, yóò tún ọdún kan lò, bẹ́ẹ̀ bàbá rẹ̀ tó ń roko kòkó olóko ní Omifunfun kò ní owó ọdún mìíràn.

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ dé, Ọ̀gá ti bi í pé, "Kí lò ń kọ́ ní yunifásítì?"

"Ìmọ̀ ẹ̀rọ agbára, sà."

"Agbára?" Ó wo apá rẹ̀ tó tínrín, ó wo bátìrì ńlá tó wà nílẹ̀. "Gbé e." Bátìrì ò mira. "Wọn ò tíì kọ́ ọ dé ibẹ̀."

Ká sòótọ́, Ọ̀gá yẹn ń dáni lágara. Kò sí àga kan ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ìdúró ló ti ń jẹ ẹ̀bà, ó tún ń sáré lọ síbi iṣẹ́ ní Odigbo pẹ̀lú òkèlè lẹ́nu. Ẹni tó bá ní kó sinmi, á ní, "Kí òòrùn kọ́kọ́ sinmi ná."

Lọ́jọ́ òrùlé yẹn, olùkọ́ sọ̀ kalẹ̀, ó gbọn eruku, ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì fọwọ́ síwèé. Ó wá ku Ọ̀gá.

"Mi ò lè parọ́ sínú ìwé," ni Ọ̀gá wí. "Ó di ọjọ́ tí agbára bá dé."

Ọkàn Oyèlọlá ò balẹ̀ mọ́. Ojoojúmọ́ ló ń gun òrùlé, tó ń ru páńẹ́ẹ̀lì, tó ń wo kàlẹ́ńdà. Lọ́jọ́ tí oṣù mẹ́fà pé, kò dúró de àṣẹ. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó dá bátìrì ńlá gbé, ó gbé e ka orí tábìlì. Ọ̀gá gba ìwé, ó kọ nǹkan sí i, ó fọwọ́ sí i, ó pa á dé, ó tún sáré lọ sí Odigbo.

Ọ̀gá kú lọ́dún tó kọjá. Oyèlọlá, tó ti di ẹnjiníà, mú ìwé náà wá síbi ìsìnkú. Níbi tí wọ́n ti ní kí ọ̀gá iṣẹ́ kọ ohun tó rí lára akẹ́kọ̀ọ́, Ọ̀gá kọ ọ́ pé, "Agbára ti dé."

Gbogbo àwa tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín, a tún sunkún. Ìlà ọ̀rọ̀ náà wọ́, torí ìdúró ló ti kọ ọ́.